Bí Àwọn Ọmọ Bódìjà Ṣe Kúrò Nídìí Ààrò Mi

Bí ẹ bá rí ẹni tó ní òun mọ búrẹ́dì yan jù mí lọ nílùú Ìbàdàn, ẹ bi í pé kí ló fi ń wo iná. Bó bá ní aago ni, ẹ máa bá tiyín lọ, ọmọ iṣẹ́ ṣì ni. Èmi Làmídì, ọmọ Ṣakí, tí gbogbo Bódìjà ń pè ní Làmídì Oníbúrẹ́dì, ọwọ́ òsì mi ni mo fi ń wo iná. Mo máa na ọwọ́ náà sí ẹnu ààrò, màá sì mọ̀ bóyá ó ti tó tàbí kò tíì tó. Títí di òní, irun kò hù lẹ́yìn ọwọ́ náà mọ́.

Mi ò kàwé púpọ̀. Ìwé kẹta ni mo wà tí mo ti fi yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀, bí mo bá sì ń kọ̀wé báyìí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n ju ìgbà tí mo ń ti páànù sínú iná lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ní kí n kọ ọ́ sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń ronú iṣẹ́ tí wọn ó ṣe láyé ló máa ka èyí. Mo ní bó bá ti jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, ta ló tún kù tí wọ́n fẹ́ lọ bi?

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ náà kò gba àlàyé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi mú mi wá láti Ṣakí, ó fà mí lé Ọ̀gá Ládépò lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá, ó mu omi, ó padà sílé. Owó? Ọmọ iṣẹ́ kì í gbowó. Oúnjẹ là ń jẹ, ẹ̀kọ́ là ń kọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá Ládépò gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, díákónì ni nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó ga, ó gbẹ, kì í rẹ́rìn-ín. Mùsùlùmí lèmi. Bí àkókò ìrun bá tó, òun fúnra rẹ̀ ló máa pè mí: "Làmídì, Ọlọ́run rẹ ń dúró dè ọ́. Bó o bá kírun tán, tètè máa bọ̀, Ọlọ́run tèmi ń retí rẹ nídìí ìyẹ̀fun." Àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù á máa fi ẹnu pa ẹ̀rín mọ́ra, nítorí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín jáde ló máa fọ páànù.

Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ la fi ń po ìyẹ̀fun. Ọpọ́n igi gbọọrọ kan wà tó gùn bí ọkọ̀ àwọn apẹja Ẹlẹ́yẹlé, àwa mélòó kan á tò sí i létí, a ó máa fi ìkúùkù lù ú títí òógùn á fi máa wọ̀ wá lójú. Bí a bá ní ó ti tó, Ọ̀gá á já díẹ̀ níbẹ̀, á fà á gbọọrọ, á gbé e sókè kí ìmọ́lẹ̀ là á kọjá. Bó bá já, ẹ padà sídìí ẹ̀. "Ìyẹ̀fun tí wọn ò pò dáadáa," ló máa ń wí, "ó dà bí ọmọ tí wọn ò kọ́. Ìta ló ti máa dójú ti ẹni tó ni ín."

Ẹni tó bá jẹ́ kí búrẹ́dì jóná ló máa jẹ ẹ́. Kì í ṣe kó tọ́ ọ wò o, kó jẹ ẹ́ tán ni, láìsí omi, kí Ọ̀gá sì dúró tì í bí ẹni ń wo aláìsàn tó ń lo oògùn. Mo jẹ búrẹ́dì dúdú ní Mọ́kọ́lá títí eyín fi ń dùn mí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí ọ̀gá bá jágbe mọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó ní ó ń fìyà jẹ yín. Ìyà yẹn ló sọ mí di ẹni tí mo jẹ́.

Òfin Ọ̀gá kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa, nítorí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Bí a bá gé ìyẹ̀fun sínú páànù, àjẹkù máa ń ṣẹ́ kù létí ọpọ́n. Ọ̀gá kì í jẹ́ ká kó o mọ́ ti ọjọ́ kejì, kì í sì í jẹ́ ká tà á. A máa ń ká a ní rógódó bí ìkúùkù ọmọ ọwọ́, a ó yan án, orúkọ rẹ̀ sì ni ọmọ búrẹ́dì. Èènì ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sì wà fún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọmọ tó ra búrẹ́dì ló máa rí i gbà. Ọkùnrin gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀, obìnrin gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀, kí wọ́n sì dárúkọ bàbá wọn. "Ẹnìkan ní ń bímọ, igba ènìyàn ní ń wò ó," Ọ̀gá á wí. "Ẹni tó ń bọ́ ọmọ lọ́sàn-án gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó bí i."

Ẹ ò bá rí àwọn ọmọ yẹn! Wọ́n á sáré débẹ̀, wọ́n á da ara wọn bolẹ̀ nínú eruku, wọ́n á máa figbe ta: "Ọmọ Bàbá Télọ̀ ni mí!" "Ọmọ Dírẹ́bà ni mí, sà!" Ẹni tí kò ní bàbá mọ́ á dárúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Ọ̀gá á sì fún ìyẹn ní méjì láìsọ̀rọ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá yọ̀ǹda mi, Bódìjà ni mo bọ́ sí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi mọ ààrò mi, bíríkì àti amọ̀, n kò pe bíríkìlà kankan. Àwọn ilé tuntun ń hù níbẹ̀ nígbà náà bí olú, tolùkọ́ yunifásítì, tòṣìṣẹ́ ìjọba, ilé ìwé girama kan sì wà lẹ́yìn wa. Ìyá Ṣèyí, obìnrin Ìsẹ́yìn kan báyìí tí ohùn rẹ̀ lè jí òkú, gbé agbada àkàrà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Èmi yan, òun dín. Bí àwọn ọdún 1980 ṣe ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tí kò mọ̀ wá láti Bódìjà dé Agbowó. Agogo ilé ìwé á lù, ariwo á sọ, wọ́n á ya bo wá. A ó la búrẹ́dì sí méjì, a ó ki àkàrà gbígbóná sí i, òróró á máa wọ inú bébà, ata á máa ta wọ́n lẹ́nu, wọ́n á máa fà sìì, wọ́n á sáré lọ bu omi nínú àmù mi. Orí ìdúró ni gbogbo rẹ̀. Ta ló ń jókòó?

Mi ò ní purọ́, inú mi a máa dùn débi pé mo máa ń ṣe bí ẹni tó ń bínú. "Ẹ tò! Ṣé ẹran ni yín ni? Ìwọ, o ò kí mi o!" Ọmọ yẹn á dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan ní ayé tuntun ló lé mi kúrò, pé mi ò gba nǹkan tuntun. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀rọ tí ń po ìyẹ̀fun, èmi ni mo kọ́kọ́ ní in ládùúgbò wa. Nígbà tí náílọ́ọ̀nù dé, mo fi bébà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ní àwọn ò fẹ́ àkàrà nínú búrẹ́dì mọ́, mo ní kí lẹ fẹ́, wọ́n ní sádìnì, mo ra sádìnì. Ìyá Ṣèyí ló bi ọmọbìnrin kan nínú wọn léèrè pé kí ni àkàrà òun ṣe.

Ọmọ náà ní, "Ìyá, ó máa ń rùn lẹ́nu ẹni."

"Ẹnu ta ni? Ṣé ẹ̀ ń fi ẹnu gbóòórùn ara yín ní kíláàsì ni?"

Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin náà sá lọ. A rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Wọ́n ní igi ganganran má gún mi lójú, òkèèrè la ti í wò ó. A ò wò ó lókèèrè.

Ọmọ kan wà, Káyọ̀dé lorúkọ rẹ̀, olùkọ́ yunifásítì ni bàbá rẹ̀. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ló ti ń dọ̀bálẹ̀ níwájú ààrò mi. Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tó dé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, irùngbọ̀n ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí koríko àkọ́rọ̀ òjò, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Tóyìn sì wà láàárín wọn. Ó ra búrẹ́dì, ó tẹ orí díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàsán, sà."

Mo na ọmọ búrẹ́dì sókè. "Káyọ̀dé, ibo ni wọ́n ti ń kí mi?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀."

"Kó máa lọ bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Ìwọ tí mo mọ̀ ní kékeré! Àbí o ti ju bàbá tó bí ọ lọ ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní, "Kay, do am make we go jare."

Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, gbalaja, ó dárúkọ bàbá rẹ̀. Nígbà tó dìde, eruku ti kun àyà ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀. Tóyìn fọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Inú mi dùn, mo ní ọmọ tí a kọ́ nìyẹn, mo fún un ní ọmọ búrẹ́dì rẹ̀. Ó gbà á lọ́wọ́ méjèèjì, ó wò ó, ó rọra gbé e padà sórí tábìlì mi.

"Ẹ fún àwọn ọmọdé, sà," ló wí. Kò sì fi àrífín wí i.

Láti ọjọ́ náà, n kò rí Káyọ̀dé fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó bá a wá náà fà sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí omi ṣe ń fà nínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn kéékèèké ṣì ń bọ̀, àmọ́ àwọn ọmọ kéékèèké kì í ra ju ìdajì lọ. Àwọn tí irùngbọ̀n ń yọ lẹ́nu wọn ló ń gbé ààrò dúró, nítorí ikùn wọn kò nísàlẹ̀.

Kò pẹ́ ni wọ́n ṣí ilé ìpápánu kan sí ẹ̀gbẹ́ títì lókè wa. Gíláàsì ni wọ́n fi ṣe iwájú rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn tútù ń kùn lára ògiri, àga àti tábìlì wà nínú rẹ̀. Míìtì-páì ni wọ́n ń tà, pẹ̀lú mínírà tútù tí wọ́n ń fi rọ́bà tín-ínrín fà. Ìyá Ṣèyí ló kọ́kọ́ lọ yọjú.

"Bàbá Mùíbá," orúkọ ọmọ mi ló fi ń pè mí, ó ní, "ẹran bíńtín, ọ̀dùnkún bíńtín, wọ́n wá fi ìyẹ̀fun dì í bí ẹni di ẹrù òkú. Ọmọ tó bá jẹ ẹ́ yóò tún jẹun nílé!"

"Wọ́n ó padà," mo ní. "Ta ló máa jẹ nǹkan tí kò lè yó o?"

"Wọ́n tiẹ̀ ń pe àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní sà. Mo fetí ara mi gbọ́ ọ. 'Kí lẹ máa jẹ, sà?' Ọmọ tí mo pọ́n!"

Ẹ̀rín la fi í rín lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n oṣù ń lọ, búrẹ́dì ń ṣẹ́ kù sí mi lọ́rùn. Mo wá rò ó pé bó bá jẹ́ àga ni wọ́n fẹ́, ṣé àga ló máa wọ́n lọ́wọ́ mi ni? Mo pe káfíńtà, ó kan bẹ́ǹṣì gígùn fún mi, mo ta tapólì sókè kí òòrùn má pa wọ́n, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo kó mínírà sínú yìnyín. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn kéékèèké pé kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n wọn pé àyè ìjókòó ti wà.

Wọ́n wá. Ẹ gbọ́ mi, wọ́n wá! Káyọ̀dé wà nínú wọn. Ó jókòó, Tóyìn jókòó tì í, àwọn yòókù jókòó síwájú wọn. N kò ní kí ẹnikẹ́ni dọ̀bálẹ̀. Mo gbé búrẹ́dì àti sádìnì fún wọn, mo kúrò níbẹ̀, mo lọ ṣe bí ẹni tó ń koná. Mo ní lọ́kàn mi pé, Làmídì, o ti gbà wọ́n padà.

Ni Ìyá Ṣèyí bá gbójú sókè nídìí agbada rẹ̀. Ó rí Káyọ̀dé, ó rí Tóyìn, ó rí bí èjìká wọn ṣe fara kanra. Ohùn tó lè jí òkú yẹn ló fi bẹ̀rẹ̀:

"Háà! Ṣé kì í ṣe ọmọ Ìyá Káyọ̀dé, oníwàásù obìnrin yẹn, lojú mi ń rí yìí? Káyọ̀dé! Ṣé ìyá rẹ mọ̀ pé ibí lo wà? Ìwọ ọmọbìnrin yìí ńkọ́, ọmọ ta ni ọ́? Dìde kí n wo ojú rẹ. Ọmọ ta ni ọ́?"

Obìnrin kan tó ń kọjá dúró, ó ní, "Ọmọ Nọ́ọ̀sì tó ń gbé Agbowó ni. Mo mọ ìyá rẹ̀!" Oníkẹ̀kẹ́ kan náà rọra dúró láti wòran.

Ẹ má bínú sí Ìyá Ṣèyí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ohun tí wọ́n fi tọ́ ọ náà ló ń ṣe, ohun tí èmi náà máa ń ṣe ni. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ̀rọ̀ náà tán, bẹ́ǹṣì mi ti ṣófo. Sádìnì kù lórí aṣọ, eṣinṣin ti ń bà á. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ṣé mo ṣe é dáadáa, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Mo ní ó ṣe é dáadáa.

Bí ẹni pé ìyẹn kò tó, ìjọba tún wá kéde pé kí wọ́n má kó àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ ṣe ìyẹ̀fun wọ̀lú mọ́. Èyí ni jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo wa tí a ń yan búrẹ́dì, láti Dùgbẹ̀ títí dé Ṣálẹ́ǹjì. Ìyẹ̀fun gidi di góòlù. Wọ́n ní ká máa fi ti àgbàdo lú u, ká fi ti ẹ̀gẹ́ lú u. Mo lù ú. Èmi, Làmídì! Mo gbé e sínú iná, ó jáde pẹlẹbẹ, ó le, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí amọ̀ gbígbẹ. Àwọn ọmọ kéékèèké tó kù sí mi lọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Làmídì Oníbíríkì, wọ́n sì ń fi í gbá bọ́ọ̀lù.

Ọ̀gá Ládépò ti dàgbà gan-an nígbà náà, ó ti fọwọ́ sílẹ̀ níṣẹ́. Ó gbọ́ ìròyìn mi ní Mọ́kọ́lá, ó wọkọ̀ wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ní kí n gbé ti òní wá. Ó já a. Ó jẹ ẹ́ pẹ́. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń retí kó bú mi bíi ti ìgbà èwe, kó ní kí n jẹ ẹ́ tán láìmu omi. Inú mi ìbá dùn. Kò bú mi. Ó gbé èyí tó kù sórí itan rẹ̀, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù.

"Làmídì," ó ní, "pa iná."

Mo pa á. Mo sọ fún àwọn aládùúgbò pé títí ìyẹ̀fun á fi dé ni.

Ìyàwó mi ni kò gbà kí n jókòó sílé. "Ẹ lọ wo páì yẹn fúnra yín," ó ní. "Ọwọ́ tó mọ búrẹ́dì, ṣé páì ló máa ṣòro fún un? Ìyẹ̀fun díẹ̀ ló ń gbà, ẹran ló pọ̀. Ẹ tún iná ààrò yín dá, ẹ ṣe é, káwọn ọmọ padà síbi tí wọ́n mọ̀." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàǹgó lẹ́ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ ìgbà páì la wà, mo lè ṣe páì. Mo wọ dàńṣíkí mi tó dára, mo dé fìlà, mo gba òkè lọ lọ́sàn-án.

Mo ṣí ilẹ̀kùn gíláàsì náà wọlé, òtútù bò mí. Ọmọ tó ń tajà bi mí pé kí ni mo fẹ́, mo ní páì. Ó fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dì í fún mi. Mo bù ú jẹ níbi tí mo dúró sí. Kí n sọ òótọ́ fún yín, kò dára tó! Iná ti pọ̀ jù nísàlẹ̀ rẹ̀, wọn ò sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun náà sinmi kí wọ́n tó ṣẹ́ ẹ. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé láàárín ọ̀sẹ̀ kan èmi ó ṣe èyí tó máa jẹ́ kí wọ́n tilẹ̀kùn wọn. Mo ti ń rẹ́rìn-ín sínú.

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Kì í ṣe tèmi. Nínú kọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, Káyọ̀dé àti Tóyìn àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn ló jókòó yí tábìlì kan ká. Káyọ̀dé ń ṣe àfarawé ẹnì kan, bóyá tíṣà wọn, ó ń fọwọ́ júwe, ó ń yí ohùn padà, Tóyìn ti fi orí lé tábìlì, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọmọ náà, láti ìgbà tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, n kò rí i kó rẹ́rìn-ín báyìí rí. Lọ́dọ̀ mi, ojú ilẹ̀ ló máa ń wò. Páì tó wà níwájú wọn kò tilẹ̀ tán; kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Káyọ̀dé gbójú sókè, ó rí mi.

Ẹ̀rín náà dá. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá da omi síná. Àga dún lórí ilẹ̀, gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fọwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ káàsán, sà." Ẹ̀kọ́ wà lára wọn, n kò lè sọ pé kò sí. Tóyìn ti nu ojú rẹ̀, ó ti fa síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀.

"Ẹ jókòó," mo ní. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo kàn ní kí n wá wò ó ni."

Wọ́n jókòó, ṣùgbọ́n bí ẹni tó wá kí olóòkú ni wọ́n ṣe jókòó. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà páì rẹ̀, ó ń ká a, ó ń tú u. Mo dúró díẹ̀ sí i, mo rò pé bóyá wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń dúró kí n lọ. Bí mo bá lọ yan páì tó dára ju tibí lọ, bí mo bá kan bẹ́ǹṣì tó rọ̀ ju tibí lọ, èmi náà ni màá ṣì wà nídìí rẹ̀, èmi tí mo mọ bàbá gbogbo wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń wá iṣẹ́, bí ẹ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ oúnjẹ, ẹ wá bá mi, màá kọ́ yín ní bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ wo iná, kò sẹ́ni tó lè kọ́ yín jù mí lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí ó kù, ibi tí n kò mọ̀, ẹ lọ bi ẹlòmíràn.

Mo kí wọn pé ó dàbọ̀, mo jáde, mo rọra pa ilẹ̀kùn náà dé. Òòrùn Bódìjà ta mí lójú. N kò tíì dé etí títì tí mo fi gbọ́ ọ lẹ́yìn mi, wọ́n tún ti ń rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni mo fẹ̀yìntì.